Ta Ló Kọ Orúkọ Rẹ̀ Síbẹ̀?

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Ìwé náà kò ju abala kan tí wọ́n ya láti inú ìwé ọmọ iléèwé lọ. Orúkọ àwọn òkú ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù wa fẹ́ kí àáfà bá wọn tọrọ àforíjìn fún ní òpin ìjókòó ọjọ́ Àìkú. Ẹni tí ó bá ń gbé Ìlọrin mọ bí nǹkan náà ṣe ń lọ, n kò ní fi àlàyé rẹ̀ gba àkókò. Láàárín àwọn orúkọ náà ni ti ọmọbìnrin kan wà, ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó rí òkú rẹ̀.

N kò ní dárúkọ ọmọ náà níbí, n kò sì ní sọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó jáde nílé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sì padà. Àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù gbogbo wa: ìborùn aláwọ̀ ewé, ẹ̀rín tí kò tí ì jáde tán, nọ́mbà fóònù méjì nísàlẹ̀. Wọ́n ti kéde rẹ̀ lórí rédíò. Ìyókù ohun tí a mọ̀ kò pọ̀, ohun tí a sì ti sọ pọ̀ jù ú lọ fíìfíì.

## Ọjọ́ Àìkú náà

Àáfà wa kì í kánjú. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń kà pẹ̀lú orúkọ bàbá ẹni náà, àwa náà á sì ṣe àmín. Ó ka ti bàbá kan tí ó kú nígbà ààwẹ̀, ó ka ti ìyá àgbà kan ní Pákátà, ó ka ti ọmọ ọwọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ó ka orúkọ ọmọbìnrin yìí, àmín sì ti jáde lẹ́nu àwọn kan kí etí wọn tó gbọ́ ohun tí ẹnu wọn ń ṣe àmín sí.

Ìyá rẹ̀ wà láàárín wa. Ẹ̀gbẹ́ òpó ni ó jókòó sí, níbi tí ó ti máa ń jókòó tipẹ́, kì í sì í ṣe ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níjókòó. Ó dìde. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ní, "Àáfà, ẹ dákun, ẹ yọ orúkọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Ẹnì kankan kò tí ì gbé òkú rẹ̀ wá bá mi."

Àáfà gbé ojú kúrò lára ìwé. Ó ní, "Ẹ má bínú, Àlájà. N kò mọ̀ ni. Ta ló kọ ọ́ síbí?"

Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ẹni tí ó gbé ìwé náà fún àáfà ní ọwọ́ ẹlòmíràn ni òun ti gbà á. Ẹni yẹn ní wọ́n ti kọ ọ́ tán kí ó tó dé ọwọ́ òun. Ẹ̀ka àwọn obìnrin ní ẹ̀ka àwọn ọkùnrin ni ìwé náà ti wá, àwọn ọkùnrin náà sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Àáfà mú bíìrò, ó fa ìlà gba orí orúkọ náà kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà mìíràn, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó dá ọmọ náà padà sílé ní àlàáfíà láti ibikíbi tí ó bá wà. Ìyá náà jókòó. Àmín tí a ṣe sí èyí kò lágbára tó ti àkọ́kọ́, mo sì gbà pé òun náà gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Ìyàtọ̀ àmín méjèèjì yìí gan-an ni kò jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn. Ẹni tí ó kọ orúkọ náà, ẹnì kan ṣoṣo ni, bóyá ó sì ti kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n àmín tí ó lọ sókè yẹn, ti gbogbo wa ni.

## Òwe tí ó wà fún òbí nìkan

Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Mo gbà pé inú òwe yìí ni ẹni tí ó kọ orúkọ náà ti rí ìgboyà, n kò sì rò pé ó fẹ́ ibi fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó sin ọmọ rẹ̀ mọ ibi tí ó sin ín sí. Wọ́n á ṣe fídáù, àwọn èèyàn á wá kí i, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ, ẹkún á sì di ohun tí ó ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò rí ìkankan ṣe nínú ìwọ̀nyí. Bí ilẹ̀kùn bá dún lóru, ó dìde. Bí nọ́mbà tí kò mọ̀ bá pè é lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n kí ó tó gbé e.

Síbẹ̀, ẹnu ẹni tí ó bí ọmọ ni òwe yìí ti tọ́ sí. Òbí lè sọ ọ́ nígbà tí ìrora bá dé góńgó, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Aládùúgbò tí ó bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì fi ṣiṣẹ́, ikú ni ó ń yàn fún ọmọ ọlọ́mọ kí ọkàn òun fúnra rẹ̀ lè balẹ̀. Ọkàn àwa tí a wà nítòsí kò sì balẹ̀ ní tòótọ́. A ń pàdé ìyá náà nídìí omi láàárọ̀, a kò sì mọ ohun tí a ó fi kí i. Bí ọmọ bá kú, a mọ bí a ṣe ń kí ọlọ́fọ̀. Bí ó bá padà, a mọ bí a ṣe ń báni dúpẹ́. Ẹni tí ó wà láàárín méjèèjì ń mú ẹnu wa wúwo, a sì ń wá ọ̀nà láti tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹnu wa lè fúyẹ́.

## Ohun tí ẹnu ń ṣe nígbà tí ojú kò rí

Nínú takisí tí ń lọ sí Gárèjì Ọ̀fà, mo gbọ́ pé ọkùnrin ni ó tẹ̀lé. Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, wọ́n ní ẹnì kan tí ó mọ̀ lórí Facebook ni. Àwọn tí ilé wọn wà lápá ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì ní Kwara níbí, níbi tí àwọn ajínigbé kò ti jẹ́ kí àgbẹ̀ fi ọkàn balẹ̀ lọ sóko, ń retí ìpè tí wọn yóò fi bèèrè owó. Àwọn tí ó kù ní àwọn olóògùn owó ni, ọ̀rọ̀ yìí sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gidi ní Ìlọrin láti February 2025, nígbà tí ìpè orí fóònù mú akẹ́kọ̀ọ́ọ̀bìnrin kan tí ó ti wà ní ọdún àṣekágbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kúrò níbi ìsọmọlórúkọ, tí ó sì jẹ́ òkú rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá bá. N kò ní tún ìtàn náà sọ. Kò sí ẹni tí ó ń gbé ìlú yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbẹ̀rù tí ó ti ibẹ̀ wá nídìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdí láti bẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí nípa ọmọ tiwa yìí. Ìgbẹ̀yìn ìtàn ẹlòmíràn ni a gbé wá lẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Irú ẹni kan wà tí mo ti wá ń sá fún ju òpùrọ́ lọ. Òun ni ẹni tí yóò mi orí, tí yóò ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ," tí yóò sì dákẹ́ síbẹ̀. A lè já irọ́ nítorí pé ó sọ nǹkan. Ẹni tí ó kàn mi orí kò sọ ohun tí a lè já, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni yóò lọ sílé pẹ̀lú ìtàn tí ó ti fúnra rẹ̀ parí.

Àwọn tí ń pe nọ́mbà ìsàlẹ̀ àwòrán náà kò mọ ní ìwọ̀nba. Ẹnì kan ní òun rí i ní Bodè Sáàdú, ó ní kí wọ́n fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí òun lè mú un dání. Wọ́n fi ránṣẹ́, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé mọ́. Wọ́n tẹ yanrìn, wọ́n sì bá wòlíì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ń wá ọmọ kì í bi ẹlẹ́sìn léèrè ìyàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀bá omi ni ọmọ náà wà. Odò Àsà gba àárín ìlú kọjá. Ibo ni kò sún mọ́ omi ní Ìlọrin?

## Ìyá kan ní Cleveland

Ẹni tí ó bá rò pé àwa nìkan ni a ní irú aríran bẹ́ẹ̀, kí ó gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù April 2003, Amanda Berry kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, kò sì dé ilé. Ọjọ́ kejì ni ì bá pé ọmọ ọdún 17. Ìyá rẹ̀ wá a, kò rí i. Ní November 2004, ó lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n kan, obìnrin kan tí ń pe ara rẹ̀ ní aríran sì sọ fún un lójú gbogbo ayé pé ọmọ rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Ìròyìn ìlú náà sọ pé nígbà tí ìyá yìí padà délé, ó kó àwòrán ọmọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ tọrẹ. Ìyá náà kú ní March 2006. Ní ọjọ́ 6 oṣù May 2013, Amanda Berry bọ́ jáde láti inú ilé kan ní ìlú yẹn kan náà, òun àti ọmọbìnrin tí ó bí síbẹ̀, ó sì pe ọlọ́pàá.

Obìnrin méjì mìíràn wà nínú ilé náà. Ẹni tí ó pẹ́ jù níbẹ̀, ọmọ ọdún 21 ni nígbà tí wọ́n mú un ní August 2002. Àwọn èèyàn ní ó ti dàgbà, wọ́n ní ó bínú kúrò nílé ni, nítorí pé wọ́n ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 15, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àkójọ àwọn tí ó sọnù tí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ń tọ́jú, nítorí pé àwọn ọlọ́pàá kò rí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń wá a. Ní gbogbo àkókò yìí, ó wà láàyè, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Níbí, wọ́n kọ orúkọ ọmọ kan mọ́ àwọn òkú; lọ́hùn-ún, wọ́n pa orúkọ ọmọ kan rẹ́ láàárín àwọn tí a ń wá. N kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ìwé méjèèjì.

Ìrètí èké náà ní ìkà tirẹ̀, kí n má ba à dà bí ẹni tí ó gbè sẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọjọ́ 14 oṣù April 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní iléèwé Chibok. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ilé iṣẹ́ ológun kéde pé àwọn ti gba gbogbo wọn àyàfi 8. Ọ̀gá iléèwé náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn ológun sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Ẹ ro bàbá kan tí ó gbọ́ ìkéde àkọ́kọ́ lórí rédíò, tí ó sì ti rán ìyàwó rẹ̀ pé kí ó gbá yàrá ọmọ náà. Ẹni tí ó sọ ohun tí kò mọ̀, ìbáà ṣe ìròyìn ayọ̀, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó mú.

## Ọdún 4, ọdún 7

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wò ó pé ibi tí a ti rò pé òfin le jù ni ó ti ní sùúrù jù. Imam Malik, tí ìlànà rẹ̀ ni àwa ará Ìlọrin ń tẹ̀ lé, gba ìdájọ́ wá láti ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattab pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ sọnù yóò dúró ọdún 4, lẹ́yìn náà yóò ṣe opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10, kí ó tó lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ogún ẹni tí ó sọnù kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí adájọ́ bá dá a pé ó ti kú, tàbí tí iye ọdún tí ẹ̀dá sábà ń lò láyé bá ti kọjá lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 pẹ̀lú, ní abala 164, kò jẹ́ kí a ka ẹnikẹ́ni sí òkú lórí àìgbúròó lásán àfi bí ó bá pé ọdún 7 tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n gbúròó rẹ̀ kò ti gbúròó. Ìyàwó ilé ń dúró, àwọn ajogún ń dúró, ilé ẹjọ́ ń dúró. Ọmọ ẹgbẹ́ àsàlátù kan kò lè dúró oṣù méjì.

Ìtàn Ànábì Yákúbù ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nísinsìnyí, ibi tí ó sì wọ̀ mí lára nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀wù Yúsúfù wá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára rẹ̀, wọ́n ní ìkookò ni ó pa á jẹ. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ní bàbá náà yí ẹ̀wù wò, ó rí i pé kò ya níbì kankan. Kò bá wọn jà, kò sì gbà á. Ó ní sùúrù tí ó dára ni tòun. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ẹkún ti mú ojú rẹ̀ funfun, àwọn ará ilé rẹ̀ ní kò ní yé rántí Yúsúfù títí yóò fi ṣègbé. Ó ti sú wọn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ wádìí Yúsúfù àti àbúrò rẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rètí nù nínú àánú Ọlọ́run. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: ẹ lọ wádìí. Ìrètí tirẹ̀ rán èèyàn níṣẹ́.

## Ẹni tí ó mọ nǹkan

Èyí ni ó mú kí n máa ya ìméfò sọ́tọ̀ kúrò lára ìwádìí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ariwo ni ó burú. Ní April 2021, ọmọbìnrin kan ní Uyo jáde lọ síbi tí wọ́n ti ní kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ohun tí ó mọ̀ síta lórí Twitter, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì tọpa nọ́mbà fóònù títí orúkọ afurasí fi jáde. Ní February 2022, ọmọ ọdún 22 kan wọ bọ́ọ̀sì ìjọba ní Èkó, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì ṣe àlàyé bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kò rí ìkankan nínú wọn láàyè. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó pa wọ́n dé iwájú adájọ́, wọ́n sì gba ìdájọ́, nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn ní nọ́mbà, àkókò àti orúkọ ibi lọ́wọ́, wọn kò sì jókòó tì í.

Mo fi kún un nítorí ìlú wa: kò sí òfin kankan tí ó ní kí a dúró fún wákàtí 24 kí a tó fi ẹjọ́ ẹni tí ó sọnù sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti gbọ́ ọ, ìdílé ọmọ yìí náà sì gbọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, wọ́n sì dúró. Ẹni tí ó gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn dá wọn lójú gan-an. Láàárín gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún ìdílé náà láti ìgbà náà, èyí ni ó ń bí mi nínú jù.

## Bí ó bá ń gbọ́ wa ńkọ́?

Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ kì í ka ọmọ náà fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn tí ń gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó kúrò nílé, nítorí gbèsè, nítorí oyún, nítorí ìyà tí a kò mọ̀, tàbí nítorí ọkùnrin tí ó purọ́ fún un, ó ní fóònù tàbí kí ó wà nítòsí ẹni tí ó ní in. Ó ti ka ohun tí a kọ. Ó mọ ẹni tí ó pè é ní aṣẹ́wó, ó mọ ẹni tí ó ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ, ó sì lè mọ̀ pé a ti ṣe àmín sí ikú òun. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ Chibok tí ó padà wálé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn bá orúkọ burúkú nílẹ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọn ni wọ́n yan ohun tí ojú wọn rí. Ẹyin lọ̀rọ̀, a sì ti da púpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí a ní kí ọmọ náà gbà wọlé.

Mo rò pé ìyá rẹ̀ ti rí èyí ṣáájú wa. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ Àìkú yẹn, ó ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tún ìwé ìkéde ṣe. Àwòrán náà kò yí padà, nọ́mbà méjèèjì kò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nísàlẹ̀ tí kì í ṣe àwa ni wọ́n ń bá sọ ọ́: "Kò sí ẹjọ́ nílẹ̀. Máa bọ̀ wálé." Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ní Òjà-Ọba àti ní gárèjì. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń dá mi dúró, tí wọ́n mọ̀ pé mo sún mọ́ ìdílé náà, tí wọ́n ń bi mí léèrè ẹjọ́ tí ọmọ náà dá tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ní kò sí ẹjọ́ nílẹ̀.